Mò ń lọ tọ́jú ọmọ ní Winnipeg ní Jánúárì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí òtútù

Ìyá Àdùkẹ́ (Apáta)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin wà ní Winnipeg, ní Kánádà. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, àkọ́bí rẹ̀ sì ni. Mo ti gba físà, wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 9 Jánúárì ni mò ń gbéra, láti Èkó dé Frankfurt, láti Frankfurt dé Toronto, kí n tó wá wọ ọkọ̀ òfurufú kẹta lọ sí Winnipeg.

Ọmọ ọdún 63 ni mí. Òtútù tó tíì mú mi jù láyé mi ni ti Jos, lọ́dún tí mo lọ síbi ìgbéyàwó kan, ọjọ́ méjì péré ni mo sì lò níbẹ̀. Bí ọ̀yẹ́ bá mú ní Apáta láàárọ̀, aṣọ òtútù méjì ni mò ń kó sọ́rùn kí n tó mú ìgbálẹ̀. Ọmọ mi ní kí n má dààmú, pé òun á ra gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Èmi ò sì fẹ́ kó máa náwó lé mi lórí nígbà tí aṣọ ọmọ àti ìbùsùn ọmọ wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì rà. Mo ní ₦150,000 tí mo yà sọ́tọ̀. Kí ni kí n rà ní Ìbàdàn? Kí ni kí n má fọwọ́ kàn? Ẹ̀rù ọ̀nà náà ń bà mí, n kò ní parọ́.

Alhaja Aláṣọ (Gbági)

Ìyá Àdùkẹ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, láṣẹ Ọlọ́run. Ẹ má lọ náwó ní ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá o. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń tú béélì láàárọ̀ kùtù, kí àwọn tó ń ṣà á lọ tà ní búùtíkì tó dé. Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn bíi tìmùtìmù, ẹ máa rí i rà. Ẹ fa síìpù rẹ̀ lọ sókè sódò nígbà mẹ́ta, ẹ ki ọwọ́ bọ gbogbo àpò, ẹ gbóòórùn abẹ́ apá rẹ̀. Mo ti bá ìyá mẹ́rin múra irú ìrìn àjò yìí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá ní Winnipeg

Ẹ kú ilé o, màmá. Alhaja, ẹ kú ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo fẹ́ fi kún. Ọdún kẹfà mi rèé níbí. Èyí tó ń wà nínú béélì, púpọ̀ nínú ẹ̀, òtútù ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n rán an fún, òtútù olójò. Ti Winnipeg kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ní Jánúárì, tí a bá da ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru, nǹkan bíi máínọ́ọ̀sì 16 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ló máa ń jẹ́. Lóru ó máa ń kọjá máínọ́ọ̀sì 20, ó sì máa ń kan máínọ́ọ̀sì 30 láwọn ọjọ́ kan. Fíríísà tó ń mú ẹja dì gbagidi nílé, máínọ́ọ̀sì 18 ni wọ́n ń ṣe é sí. Ẹ fi ìyẹn wò ó.

Atẹ́gùn tún wà ńbẹ̀. Ilẹ̀ ibí tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí Òkè Màpó, kò sí Òkè Àrẹ̀mọ tó máa dá a dúró. Tí wọ́n bá kéde máínọ́ọ̀sì 20, wọ́n á tún sọ bó ṣe máa rí lára ẹni nítorí atẹ́gùn, ó lè jẹ́ máínọ́ọ̀sì 32. Nọ́ńbà kejì yẹn ni kí ẹ máa fetí sí. Tó bá ti tó máínọ́ọ̀sì 28, awọ ara tí ẹ ò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30.

Màmá, ẹ̀wù ńlá kan ṣoṣo kọ́ ló ń gba èèyàn. Aṣọ lórí aṣọ ni. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ara, alápá gígùn pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀, tẹ́máà ni wọ́n ń pè é. Kó má jẹ́ òwú o! Òwú dára fún ooru Ìbàdàn torí pé ó ń fa òógùn mu, ohun tó sì ń fa wàhálà rẹ̀ níbí náà nìyẹn. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ làágùn, ó fà á mu, kò gbẹ, omi yẹn á wá tutù nini mọ́ yín lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ni kí ẹ wá, tàbí pọliẹ́sítà. Lórí ìyẹn, súẹ́tà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín pinpin, torí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ méjì gan-an ló ń mú ara gbóná. Lẹ́yìn náà ló wá kan ẹ̀wù ìta, tó gùn kọjá ìdí, tó ní ìborí, tí atẹ́gùn ò ráyè gbà wọlé.

Tẹ́máà àti súẹ́tà, ẹ rà wọ́n lọ́wọ́ Alhaja. Ẹ̀wù ìta àti bàtà, ẹ má rà wọ́n nílé.

Alhaja Aláṣọ (Gbági)

Mo gbọ́, ọmọ mi. N kò mọ̀ pé ó ju ti fíríísà lọ. Tẹ́máà wà dáadáa nínú béélì, àwọn tó ń ṣà á kì í tiẹ̀ fẹ́ ẹ torí wọ́n rò pé aṣọ oorun ni, kò sì wọ́n. Ìyá Àdùkẹ́, màá yọ mẹ́ta-mẹ́ta sílẹ̀ fún yín. Ti súẹ́tà, báyìí la ṣe ń mọ ojúlówó: ẹ fa fọ́nrán kan lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣáná sí i. Tó bá rùn bí irun orí tó jóná, tó sì rún sí eérú lọ́wọ́, irun àgùntàn ni. Tó bá yọ́, tó kó jọ di kóró líle bíi ti ọ̀rá tó jóná, rọ́bà ni, ẹ fi sílẹ̀ fún mi.

Ìyá Ìbejì (Mọ́níyà)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ra ẹ̀wù ìta rárá, ì báà ṣe níbí, ì báà ṣe lọ́hùn-ún. Tèmi wà nílé. Mo lo oṣù mẹ́fà ní Edmonton, ní Kánádà náà, lọ́dọ̀ Kẹ́hìndé mi. Ẹ̀wù náà dúdú, ó dé orúnkún, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n kì sínú rẹ̀. Ó ti wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀ láti ọdún méjì, kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́. Ẹ wá mú un. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin lẹ máa wọ̀ lọ sí Èkó, ọ̀dọ̀ wa ní Mọ́níyà náà lẹ máa ti wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tójú mi rí. Àkọ́kọ́, ilé wọn gbóná. Ìró àti bùbá ni mo ń wọ̀ nínú ilé látàárọ̀ dalẹ́, nítorí náà ẹ má kó aṣọ òtútù kún báàgì. Àmọ́ ooru yẹn gbẹ ju ọ̀yẹ́ lọ. Ètè mi là, imú mi ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òrí ló gbà mí, mo ń fi pa ara kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán lára mi, mo sì ń gbé abọ́ omi kalẹ̀ nínú yàrá lálẹ́. Ẹ gbé òrí tó pọ̀ dání, ìyá ọmọ náà máa bá yín lò ó.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo fọwọ́ kan irin ilẹ̀kùn, nǹkan ta mí lọ́wọ́ táù! Mo pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ méjì, àdúrà ni mo ń gbà. Kẹ́hìndé ló wá ṣàlàyé pé iná ni, pé tí ibọ̀sẹ̀ bá ń ha kápẹ́ẹ̀tì nínú ilé tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ, iná á máa kó jọ sára èèyàn, irin téèyàn bá kọ́kọ́ kàn ló máa gbà á. Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀.

Ti yìnyín ńkọ́? Èyí tí à ń pè ní yìnyín nílé, òkúta ni, ó ń ró gbàgbà lórí páànù. Tọ̀hún kì í dún. Ẹ á sùn, ẹ á jí, gbogbo ìta á ti funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ kì í ṣe èèyàn ní nǹkan. Èyí tí mọ́tò àti ẹsẹ̀ ti tẹ̀, tó yọ́ díẹ̀, tó tún dì, tó wá ń dán bíi gíláàsì, òun ló ń dá àgbàlagbà léegun. Mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà Kẹ́hìndé gan-an, ìgbésẹ̀ kejì láti orí àtẹ̀gùn, torí pé yìnyín tuntun ti bo èyí tó dì mọ́lẹ̀, mi ò rí i. Ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú àpò, mi ò rí nǹkan dì mú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìdí fi dùn mí. Ẹ máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ: ẹ yasẹ̀ díẹ̀, kí ìgbésẹ̀ kúrú, kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọwọ́ sì wà níta.

Èyí tó kù, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ má dá iná èédú nínú ilé wọn láéláé, ẹ ò báà fẹ́ fi yá ìyá ọmọ. Ilé wọn dí pa, nǹkan tó ń jáde lára èédú kò hàn, kò rùn, ó sì ń pa ìdílé mọ́jú. Tí ẹ bá fẹ́ fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ, ẹ gbé e ka sítóòfù.

Ìyá Àdùkẹ́ (Apáta)

Ìyá Ìbejì! Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín, omi bọ́ lójú mi. Màá wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ohun tí mo fẹ́ bi yín: ṣé mo lè pọn ọmọ jáde? Oúnjẹ wo ni wọn kì í gbà lọ́wọ́ èèyàn? Mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Màmá, inú báàgì ọwọ́ ni kí oògùn yín wà o, nínú páálí tiẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ìwé dókítà tó kọ orúkọ oògùn àti iye tí ẹ ń lò. Ẹ kó èyí tó máa tó gbogbo oṣù tí ẹ máa lò. Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ẹ̀jẹ̀ ríru á sì lọ sókè, torí náà ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọnfúnpá kékeré yín dání, ẹ máa yẹ ara yín wò bí ẹ ṣe ń ṣe nílé. Bí wọ́n bá ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bá wọn dá sí i. Iṣẹ́ yẹn wúwo fún ọkàn, ó ti dá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wó.

Irú físà wo ni wọ́n fún yín? Tó bá jẹ́ Super Visa tí wọ́n ń fún òbí, kò sí bí wọ́n ṣe máa fún yín láìrí ìwé ìdánilójú ìtọ́jú ìlera tó tó 100,000 dọ́là Kánádà. Tó bá jẹ́ físà àbẹ̀wò lásán, wọn kì í fi dandan bèèrè rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó rà á. Ìjọba ibẹ̀ kì í sanwó ìtọ́jú fún àlejò, òru ọjọ́ kan ní ọsibítù lè gbé owó ilé èèyàn.

Tí ìka, etí tàbí imú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín bí abẹ́rẹ́, ẹ wọlé. Tó bá wá kú tipiri tí ẹ ò mọ ìmọ̀lára ẹ̀ mọ́, tó le, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì nà án sí iná. Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ rì í sí, kí wọ́n sì gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nínú ọkọ̀ òfurufú, ẹ máa dìde rìn ní wákàtí méjì-méjì, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì lẹ́sẹ̀.

Bọ̀dá Táyé (Bódìjà)

Oúnjẹ: èlùbọ́, gàrí, egúsí, ata gbígbẹ, ìrú tí ẹ dì dáadáa, ẹja gbígbẹ, kò sí ìjà. Pọ̀nmọ́, kílíṣí, ẹran gbígbẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé, ẹ sọ fún wọn pé ẹ gbé e. Ẹni tó sọ, ohun tó burú jù ni kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó fi pamọ́ á sanwó ìtanràn. Toronto ni wọ́n ti máa bi yín. Tí wọ́n bá ní kí ẹ gba báàgì yín níbẹ̀, ẹ gbà á, kí ẹ tó tún fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ Winnipeg. Kí ọmọ yín pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà nísinsìnyí, kó ní wọ́n fẹ́ àga onítáyà fún yín. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń tì yín ló máa mú yín dé ẹnu ọkọ̀ tó kàn, ẹ ò ní ṣìnà ní Frankfurt.

Ohun tó jẹ mí lógún jù nìyí. Ẹ wọ tẹ́máà sára láti Toronto, kí ẹ̀wù Ìyá Ìbejì, fìlà, ìborùn àti ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má kó wọn sínú báàgì tí wọ́n ń wọ̀n. Nígbà tí màmá tèmi lọ, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó gbé wọn fi báàgì wọn sílẹ̀ lọ́nà. Gbogbo aṣọ òtútù tí mo fi oṣù méjì kó jọ wà nínú ẹ̀. Léèsì àti sálúbàtà ni màmá mi fi jáde nínú pápákọ̀ òfurufú sínú máínọ́ọ̀sì 19. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ fún wọn, òun náà wá ń gbọ̀n títí wọ́n fi dé ìdí mọ́tò. Ikọ́ tó mú màmá lẹ́yìn ìyẹn, oṣù kan gbáko. Mi ò tíì dárí ji ara mi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá ní Winnipeg

Bọ̀dá Táyé, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn.

Màmá, ẹ pọn ọmọ bó ṣe wù yín nínú ilé. Tó bá kan mọ́tò, òfin ni pé kí ọmọ wà nínú àga tirẹ̀ láti ọjọ́ tó bá ti kúrò ní ọsibítù, ẹ má sì wọ ẹ̀wù òtútù ńlá fún un lábẹ́ okùn àga náà. Ẹ̀wù yẹn máa ń sọ̀ tí mọ́tò bá gbá nǹkan, okùn á wá dẹ̀, ọmọ á yọ. Ẹ de ọmọ pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́, ẹ wá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lórí okùn. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù ń mú un, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ tuntun a máa tutù nígbà gbogbo.

Ìbọ̀wọ́ tí kò ya ìka mẹ́rin sọ́tọ̀ gbóná ju èyí tó yà wọ́n lọ. Kí bàtà tí ọmọ yín máa rà fi nọ́ńbà kan ju ti ilé lọ, kí ibọ̀sẹ̀ tó nípọn lè ráyè. Fóònù, àpò inú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà ni, torí òtútù ń pa bátìrì. Ilẹ̀ kì í mọ́ títí aago mẹ́jọ fi kọjá dáadáa, oòrùn á sì wọ̀ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ jókòó sídìí fèrèsé lọ́sàn-án, òkùnkùn yẹn máa ń mú ọkàn wúwo fún ẹni tó bá ń gbé ilé nìkan. Wákàtí méje ni Ìbàdàn fi ṣíwájú wa: tí wọ́n bá ń pe ìrun àárọ̀ nílé, àwa ò tíì sùn.

Ìyá Àdùkẹ́ (Apáta)

Mo ti gba ẹ̀wù o! Ìyá Ìbejì ní kí n wọ̀ ọ́ wò nínú pálọ̀ wọn, láàárín ọ̀sán gangan, iná ò sí, fáànù ò ṣiṣẹ́. Kí n tó ka ẹ̀ẹ́wàá òógùn ti bò mí. Wọ́n tún fi fìlà Kẹ́hìndé kún un. Alhaja gba ₦38,000 lọ́wọ́ mi fún tẹ́máà mẹ́ta àti súẹ́tà méjì, wọ́n ṣáná sí fọ́nrán náà lójú mi, irun ló rùn lóòótọ́. Owó tó kù, mo ti fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi fún bàtà mi àti ìbùsùn ọmọ.

Ìyá Àdùkẹ́ (ní Winnipeg báyìí)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti dé, ọjọ́ kẹfà rèé. Ọmọ wa dé lánàá, ọkùnrin ni. A gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ.

Bọ̀dá Táyé, báàgì mi kan kò bá mi dé, ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó gbé e wá. Èlùbọ́ àti òrí ló wà nínú ẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ ní kí n mú lọ́wọ́ ló wà lára mi. Ẹ bá mi kí màmá yín.

Nígbà tí ilẹ̀kùn pápákọ̀ là, máínọ́ọ̀sì 27 ni. Mo fa èémí kan, irun imú mi sì dì lójú ẹsẹ̀, ó ń gún mi bíi koríko gbígbẹ. Ìyẹn nìkan ni ẹ ò sọ fún mi. Mo fi ìborùn bo imú, ó yọ́. Yìnyín ń ké lábẹ́ bàtà mi bí ìgbà téèyàn bá ń tẹ gàrí Ìjẹ̀bú tó gbẹ dáadáa. Mo rí wáyà lẹ́nu gbogbo mọ́tò tó wà níwájú ilé, wọ́n ti ẹnu rẹ̀ bọ iná ara ògiri. Ọkọ ọmọ mi ní ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń mú gbóná kó lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Mo rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ dé ìdí mọ́tò, n kò ṣubú.

Oṣù kẹfà ni mò ń padà bọ̀. Ìyá Ìbejì ti ní kí n má dá ẹ̀wù padà sí Mọ́níyà, kó máa lọ lọ́wọ́ ẹni tó bá kàn. Ẹni tó bá ń lọ ibi òtútù lọ́dún tó ń bọ̀, kó kọ orúkọ sílẹ̀ níbí, ó máa gba ẹni tó bá sanra tó mi. Ìsàlẹ̀ síìpù rẹ̀ máa ń há díẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là pa á kí ẹ tó fà á, ẹ má fi agbára.